Mọ́tò Tó Ń Yà Kúrò Lọ́nà Láìkúrò Lórí Títì

Ẹ̀yin ará Oǹdó tí ẹ ní bí mo bá dé kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí, ẹ jókòó. Ojú mi rí mọ́tò tó ń sáré lórí ọ̀dà gbígbẹ, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì ń búra pé àárín odò la wà. Ojú mi rí rẹwáyà tó sọ pé òun àti iná jẹ́ ọmọ ìyá. Mo sì jẹ ọ̀pẹ òyìnbó kan ní Fìdítì tó dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó hù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ẹnu ọ̀nà Alhaja.

Ẹlẹ́rìí

Alhaja Sàfú tó ń ta aṣọ ló ni mọ́tò. Gíláàsì kan wà nínú mọ́tò náà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, ó ń fi máàpù hàn. Ọfà kékeré kan wà lórí máàpù: ibi tí mọ́tò bá wà ni ọfà yóò wà. Ibi tí ọfà bá sì dúró sí ni fóònù Alhaja máa ń sọ fún un. Yóò jókòó ti aṣọ rẹ̀ nílé níbí, yóò sì mọ ìgbà tí mọ́tò rẹ̀ wọ Ìbàdàn.

Ohun ayọ̀ ni, àfi ìgbà tí ọfà bẹ̀rẹ̀ ìrìnkurìn. Alhaja rí mọ́tò rẹ̀ nínú igbó. Ó rí i nínú oko olóko. Ó rí i lọ́jọ́ kan láàárín odò. Músílíù, awakọ̀ rẹ̀, búra títí pé òun ò yà síbì kankan. Alhaja ò gbà. Ó ní fóònù ò ní ọ̀rẹ́bìnrin lójú ọ̀nà, kí ni yóò torí rẹ̀ purọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tó ránṣẹ́ pè mí. Ràbí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrà, nílò ẹ̀rọ ìránṣọ. Músílíù ni yóò gbé e lọ. Bó bá tún yà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó mú kọ́kọ́rọ́ wá.

“Ìwọ tí o máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn fún ìwé ìròyìn,” ni Alhaja wí fún mi, “bá a lọ. Ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí o wá sọ. Má fi kún un, má sì yọ níbẹ̀.”

Músílíù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti ta ọ̀kadà rẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ yìí, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Bí mo ṣe wọ mọ́tò, ó kí mi bí ẹni ń kí adájọ́.

Àárọ̀

Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wàláà idẹ kan wà tó ń dán yinrin, wọ́n kọ Àyátù Kúrúsíyù láti inú Kùránì sí i lára. Músílíù fi aṣọ mímọ́ nù ún kó tó nu gíláàsì iwájú pàápàá. Mo yìn ín. Ó ní Alhaja ló yẹ kí n yìn. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi lẹ̀ ẹ́, oòrùn sì ń yọ́ gọ́ọ̀mù, wàláà ń já lu èèyàn lẹ́sẹ̀. Ni Alhaja bá bínú. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa já lulẹ̀. Ó pe káfíńtà, ó dúró tì í, títí ó fi fi súkúrù de igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wàláà náà mọ́lẹ̀ gírígírí.

A gbéra ní ìdájí. Obìnrin kan wà nínú gíláàsì tó ń sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó, ó ń sọ ibi tí ká yà sí. Músílíù ń pè é ní Ìyàwó Òyìnbó. Láti Oǹdó títí dé Ifẹ̀, Ìyàwó Òyìnbó ò ṣì lẹ́ẹ̀kan. Ọfà jókòó sórí ọ̀nà bí adìyẹ tó sàba. Mo bi Músílíù pé ṣé èyí náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń bá a jà lé lórí.

“Àǹtí, ẹ ní sùúrù,” ó ní. “Láàárọ̀, ọmọ rere ni mí. Bó bá di ọ̀sán ni mo máa ń di ọmọkọ́mọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

A la Ìbàdàn já, oòrùn ti wà lókè orí. A kọjá Mọ́níyà. Ìyàwó Òyìnbó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan ń rú lójú. Lẹ́yìn náà ni ọfà fo kúrò lórí títì, ó bọ́ sínú igbó. Kò dúró níbẹ̀. Ó gba inú oko kọjá, ó rọ́ wọ odò kan, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìyàwó Òyìnbó ní kí á yí padà. Ó ní kí á yí padà. Ó ń wí i ṣáá, láìbínú, bí ìyá tó ń pe ọmọ wá jẹun. Níwájú wa, akẹ́rù kan ń gbé iṣu lọ lórí ọ̀dà, ìdí rẹ̀ ń mì.

Fóònù mi dún. Alhaja ni.

Ó bi mí níbo la wà. Mo ní orí títì. Ó ní fóònù òun ní inú omi la wà. Mo ní Alhaja, mo ń wo akẹ́rù oníṣu níwájú mi báyìí, bí mo bá na ọwọ́, mo lè mú iṣu kan.

“Ó dára,” ni Alhaja wí. “Kí ni Músílíù fún ìwọ náà jẹ?”

Bí wọ́n ṣe sọ ẹlẹ́rìí di olùjẹ́jọ́ nìyẹn. Mo wo Músílíù, Músílíù wò mí, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín òun gùn ju tèmi lọ. Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ tutù, kì í ṣe omi ẹ̀rín nìkan ló wà níbẹ̀.

Fìdítì

Òórùn ọ̀pẹ òyìnbó ló ń kọ́kọ́ kí àlejò ní Fìdítì. Wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní òkìtì òkìtì, pẹ̀lú ọsàn tí wọ́n ti hó èèpo rẹ̀ títí tó fi funfun. A wa mọ́tò sí abẹ́ igi máńgòrò ńlá kan tí obìnrin kan ń pàtẹ sí lábẹ́. Ìyá Kudi ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ará ibẹ̀ mọ kíkí. Ìyá Kudi kí wa kú ọ̀nà, ó kí wa kú oòrùn, ó kí wa kú ìjókòó inú mọ́tò, ó kí wa kú ewu tí a kò tíì ko. Ó kúnlẹ̀ kí mi, èmi tí mi ò dàgbà jù ú lọ. Èmi náà kúnlẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé Músílíù wúkọ́, à bá wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ẹnu mi sì tètè tú mi fó. Ẹ mọ̀ pé nílé wa, èèyàn lè pe àgbà ní “ìwọ” kí ojú ọ̀run má sì ṣú. Bàbá arúgbó kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ. Mo fẹ́ ṣe ọ̀yàyà, mo bi í pé, “Bàbá, ṣé o ti jẹ nínú rẹ̀ lónìí?” Gbogbo abẹ́ igi pa rọ́rọ́. Ẹyẹ pàápàá gbọ́. Bàbá wò mí pẹ̀lú àánú, ó ní, “Láti ìhà ibo ni wọ́n ti bí ọmọ yìí ná?” Nígbà tí mo ní Oǹdó, ara gbogbo wọn balẹ̀, bí ìgbà tí dókítà bá sọ orúkọ àìsàn tí kì í pani.

Ìyá Kudi gé ọ̀pẹ òyìnbó fún wa. Omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi, mi ò sì tijú, mo lá a. Ibi tí a ti ń jẹ ni Músílíù ti fi ìka tọ́ inú mọ́tò. Ọfà ti jáde kúrò nínú odò. Ó ti padà sórí ọ̀nà, ó wà ní Fìdítì, ní ìdí igi máńgòrò gan-an. Ìyàwó Òyìnbó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí.

“Ọ̀pẹ òyìnbó mi ni,” ni Ìyá Kudi wí. “Ó máa ń la ojú. Ẹ gbé méjì sí i sínú mọ́tò, kò ní ṣìnà mọ́.”

A gbé méjì sí i. A kúrò níbẹ̀, a bọ́ sínú oòrùn, a kọjá Jobele. Kò pẹ́ tí ọfà tún fi wọ igbó lọ.

Ìlọrà

Ìlọrà ò kí wa bí àjèjì, bí àna ni wọ́n ṣe kí wa. Bí mọ́tò ṣe dúró, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti gbé omi wá. Ìyá ọkọ Ràbí ní òun ti ń retí wa láti àná, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún un pé à ń bọ̀ títí di òwúrọ̀ yẹn. Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, wọ́n gbé wàrà tí wọ́n sè nínú ata wá. Wàrà náà rọ̀, ó sì ń dún kín-ín lábẹ́ eyín. Èmi ẹlẹ́nu Oǹdó, mo rọra bi Ràbí létí pé iyán ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti sọkún iyán àárọ̀ nígbà tí òun kọ́kọ́ dé, pé ó máa ń lọ lára èèyàn.

Ràbí ló gbọ́ ẹjọ́ Músílíù tán, tó ní ká lọ sọ́dọ̀ Ṣàngódélé. Rẹwáyà ni, iná mọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìdílé àwọn Oníṣàngó ni wọ́n ti bí i, òun náà ò sì tíì kúrò nínú ẹ̀sìn bàbá rẹ̀. Fìlà pupa ló dé, ó ń tún un ṣe ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

“Àwọn kan kọ́ṣẹ́ iná,” ó sọ fún mi kí n tó béèrè. “Èmi àti iná, ọmọ ìyá ni wá. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.”

Òkú tó ń dáhùn

Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wa. Ó ní nǹkan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ju páálí ìṣáná lọ. Àǹtẹ́nà ni. Òun ló ń gbọ́ ohun tí sátẹ́láìtì ń sọ láti ojú ọ̀run. Wáyà kan ṣoṣo ló so ó mọ́ gíláàsì: nínú wáyà yẹn, iná ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. “Bí iná ò bá dé ọ̀dọ̀ àǹtẹ́nà, ó di adití. Adití sì wà tó ń méfò.”

Ó mú àǹtẹ́nà mìíràn láti ara mọ́tò kan tó ti di àpatì, ó gbé e sórí òrùlé mọ́tò wa nínú oòrùn, ó ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀yìn gíláàsì. A dúró díẹ̀. Ọfà fò láti inú igbó, ó balẹ̀ sí Ìlọrà. Ṣàngódélé tún fìlà ṣe.

“Gíláàsì yín ò lẹ́bi. Àǹtẹ́nà yín ló kú.”

Ó ní ká ti mọ́tò sí abẹ́ ibòji ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí òun lè tú òkú náà jáde. Iṣẹ́ mìíràn dé sí i lọ́wọ́, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà sọ́dọ̀ wa. Kó tó tú nǹkan kan, ó ní òun fẹ́ kí a fojú ara wa rí òkú. Ó yọ tuntun, ó ki wáyà àtijọ́ padà. Ọfà ò kúrò ní Ìlọrà. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbọràn, Ìyàwó Òyìnbó sì bi wá pé níbo là ń lọ.

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Ọ̀kan ní kí wọ́n pe àwọn mọ̀lẹ́bí òkú kí wọ́n má gbẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣàngódélé fúnra rẹ̀ ń wo gíláàsì bí ẹni tí aya rẹ̀ já nírọ́ ní gbangba.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbà lẹ́nu àwọn èèyàn láti òwúrọ̀ ti so pọ̀ lórí mi. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ ná. Mo ní Músílíù sọ pé láàárọ̀, ọmọ rere ni òun, pé ọ̀sán ni òun ń bàjẹ́. Mo ní lábẹ́ máńgòrò Ìyá Kudi, ara ọfà yá. Bí a ti bọ́ sínú oòrùn, àìsàn padà. Ní báyìí a tún wà ní ibòji, ara rẹ̀ ti yá.

Ṣàngódélé wo ojú ọ̀run. Ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù. “Ẹ tì í síta,” ó ní.

A tì í sínú oòrùn. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, à ń jẹ ẹ̀pà, à ń ṣọ́ mọ́tò bí ẹni ń ṣọ́ olè. Nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù gbóná débi pé ọwọ́ ò gbà á mọ́, ọfà dìde, ó gba ọ̀nà igbó lọ. Igbe ayọ̀ ta ní ṣọ́ọ̀bù náà. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti yọ̀ mọ́ ìbàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣàngódélé ti wà nínú mọ́tò, mítà tó fi ń wọn iná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ wáyà lẹ́yìn gíláàsì, ó fi ẹsẹ̀ mítà kan ibẹ̀: iná ń jáde dáadáa. Ó ki wáyà padà: iná rọ, ó di òfo.

“Iná ń kúrò nílé,” ó wí, “kò sì dé ibi tó ń lọ. Ẹnì kan ló ń dá a dúró lọ́nà.”

Ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, orí rẹ̀ wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, fìlà rẹ̀ já bọ́, kò sì mọ̀. Ó ń fi ìka tọ wáyà náà díẹ̀díẹ̀. Ó dúró. Ó pè mí, èmi náà dùbúlẹ̀. Ó tan iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹnu súkúrù kan ti la dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá láti òkè, ó ti gún awọ wáyà. Ó ní wáyà náà ní okùn irin kan nínú, ó sì ní irin híhun tó yí i ká lóde, àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ fara kanra. Bí ara mọ́tò bá tutù, súkúrù kàn fara tì í ni. Bí oòrùn bá mú dáṣíbọ́ọ̀dù wú, súkúrù a tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, a sì so inú pọ̀ mọ́ òde, iná a dànù síbẹ̀.

A yọ orí jáde, a wo òkè ibi tí súkúrù náà ti wọlé. Wàláà idẹ ń dán nínú oòrùn, Àyátù Kúrúsíyù ń wò wá.

Músílíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Àǹtí, mo ti gbé.”

Ó yé mi. Wọ́n ti rí ẹni tó ń ba mọ́tò jẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sọ fún Alhaja pé òun ni?

Ìbéèrè

Mo ní èmi ni ẹlẹ́rìí, èmi ni n ó sọ ọ́. Mo ti ń tẹ fóònù. Mo fẹ́ sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé: Alhaja, ẹ̀yin àti káfíńtà yín lẹ ba wáyà jẹ́.

Ṣàngódélé gba fóònù lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ ní òun ò ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ẹlòmíràn láìjẹ́ pé onítọ̀hún ní kí òun fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó ní, “Níbí, a kì í sọ fún àgbà pé ó ṣì. À ń bi í léèrè ni, títí yóò fi dá ara rẹ̀ lóhùn.”

Ó wá fìlà rẹ̀ rí, ó gbọn eruku rẹ̀, ó dé e kó tó bá ẹni tí kò lè rí i sọ̀rọ̀.

Ó kí Alhaja kú ọjà, ó kí i kú ọmọ, ó kí i kú àna, ó kí i kú ìnáwó ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo gbọ́ ohùn Alhaja tó ń rọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣàngódélé wá yin wàláà. Ó ní òun kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tó lẹ́wà. Ó bi í pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ni?

“Gọ́ọ̀mù kẹ̀?” ni Alhaja wí. “Súkúrù ni. Mo dúró ti káfíńtà.”

“Ẹ kú làákàyè, mà. Ṣé súkúrù náà gùn?”

“Èyí tó gùn jù ni mo ní kó lò.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Alhaja, ẹ má bínú sí mi o. Bí súkúrù gígùn bá gba òkè wọlé, níbo ni ẹnu rẹ̀ máa ń yọ sí?”

A ń gbọ́ ọjà Oǹdó nínú fóònù, ẹnì kan ń ná aṣọ. Músílíù ti káwọ́ lérí.

“Wáyà wà lábẹ́ ibẹ̀?” Alhaja béèrè.

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mà.”

Alhaja ní kí wọ́n gbé fóònù fún Músílíù. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á.

“Músílíù.”

“Mà.”

“Ṣé o ti jẹun?”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Alhaja, ẹ mọ̀ pé kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́. Músílíù náà mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ti jẹun, mà.

“Wáyà ni kí wọ́n sún,” Alhaja ní. “Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ síbi tó wà. Ìwọ, ọ̀nà tó bá wù ọ́ ni kí o gbà bọ̀.”

Bíbọ̀

Ṣàngódélé fi wáyà mìíràn pààrọ̀, ó mú un gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì fi rọ́bà bo ẹnu àwọn súkúrù. Lọ́jọ́ kejì, inú oòrùn tó ń ta èèyàn lára la gbéra. Ọfà ò kúrò lórí ọ̀nà. Ìyá ọkọ Ràbí di wàrà fún wa, ó kí wa kú àbọ̀ ibi tí a kò tíì kúrò.

Músílíù ń kọrin. Ó ń bá Ìyàwó Òyìnbó sọ̀rọ̀, ó ń dá a lóhùn “bẹ́ẹ̀ ni, mà” bí ó bá ti lanu. Ní Fìdítì, Ìyá Kudi bi wá pé ṣé ọ̀pẹ òyìnbó òun ṣiṣẹ́. A ní ó ṣiṣẹ́. Bàbá arúgbó wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo pè é ní “ẹ̀yin” títí ó fi ní ó tó.

A ò tíì jìnnà sí Fìdítì nígbà tí Músílíù dín eré kù. Ọ̀nà oko kan yà sí apá ọ̀tún, ilẹ̀ pupa, koríko ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó wò ó. Ó wò mí.

“Àǹtí, wọ́n ti bá mi wí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yìí títí. Ẹ jẹ́ n dá a lẹ́ẹ̀kan kí n mọ bó ṣe rí.”

Kí n tó fèsì, ó ti yà. Mọ́tò ń fò sókè sódò, ọ̀pẹ òyìnbó ń yí gbiri lẹ́yìn wa, koríko ń gbá fèrèsé. Ìyàwó Òyìnbó ní kí á yí padà. Ẹ̀rín pa wá débi pé Músílíù ní láti dúró. A bá ara wa láàárín oko ọ̀pẹ òyìnbó tó lọ jìnnà réré, oòrùn lórí gbogbo rẹ̀. Mo wo máàpù. Ọfà wà nínú igbó, níbi tí àwa náà wà gan-an.

Fóònù Músílíù dún. Ó gbé e sétí.

“Músílíù,” ni Alhaja wí, “ẹ ti yà kúrò lọ́nà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. A yà lóòótọ́.”

Ọjà Oǹdó ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Oko ọ̀pẹ òyìnbó ni, mà. Kò lópin.”

“Ẹ wá ẹni tó ni ín,” Alhaja ní. “Ẹ kí i dáadáa. Kí ẹ sì bá mi mú èyí tó pọ́n bọ̀.”